Gómìnà tó ṣòfin de àwọn tó ń ra obìnrin, tí òun náà sì ń rà wọ́n: kí ló yẹ kó bí wa nínú gan-an?

Tíṣà Ìjọ̀mú (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, àti ẹ̀yin ará Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́ àti Òkìtìpupa tí ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ wa níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí nínú kíláàsì Gọ́fúmẹ́ǹtì pé kí ló dé tí gómìnà kan l'Amẹ́ríkà fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí obìnrin, nígbà tí kò jí kọ́bọ̀ owó ìjọba. Mo dá ọmọ náà lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní, "Nítorí obìnrin? Ṣé àwọn òyìnbó yẹn ò níṣẹ́ ni?" Inú mi ò dùn sí ẹ̀rín yẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà: Eliot Spitzer lorúkọ ọkùnrin yìí. Òun ni Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ New York láti 1999 títí di òpin 2006. Akínkanjú ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó dojú ìjà kọ àwọn olówó ńlá Wall Street tó ń lu aráàlú ní jìbìtì, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ó tún gbé àwọn tó ń fi obìnrin ṣòwò nàbì lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 2007, ó di gómìnà, àárín ọdún yẹn náà ló sì fọwọ́ sí òfin tó fi kún ìyà ọkùnrin tó bá lọ ra obìnrin: ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ tẹ́lẹ̀ lè wá di ọdún kan.

Kò pé ọdún kan sígbà náà. Ní oṣù Kejì, 2008, ó wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì Mayflower ní Washington, ó ní kí wọ́n mú obìnrin wá fún òun, ó sì san $4,300. Kò mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ti ń fetí sí fóònù àwọn alágbàtà tó ń bá a wá obìnrin náà. Nínú ìwé tí wọ́n kọ fún ilé ẹjọ́, "Oníbàárà 9" ni wọ́n pè é. Ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta; nígbà tó fi máa di ọjọ́ 12, ó ti kéde pé òun ń lọ.

Ní tèmi o, obìnrin tó bá sùn kọ́ ló ń bí mi nínú. Ìyẹn wà láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni gègé tó mú lọ́wọ́. Ọwọ́ tó fi buwọ́ lù ú pé kí wọ́n ti ọmọ ẹlòmíràn mọ́lé ni ọwọ́ tó fi ń san owó fún àwọn alágbàtà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì délẹ̀, wọn ò pe òun lẹ́jọ́ rárá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ò ní fẹ̀sùn kankan kàn án. Àwọn tó ń ṣe kòkáárí òwò náà ni wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n.

Nítorí náà, mo ń bi yín: tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ni ká máa bínú sí? Ìbùsùn ni, àbí òfin?

Àdìsá Òkè-Àró

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ ṣeun, àmọ́ mo ta kò yín. Ẹ lọ wo ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó. Ẹ wo bí ọkọ̀ ṣe ń ṣubú, bí awakọ̀ ṣe ń lo wákàtí púpọ̀ lójú ọ̀nà tí kò yẹ kó gba wákàtí kan. Gómìnà tó bá ṣe ọ̀nà yẹn dáadáa, kí ó ní àlè mẹ́wàá, kò kàn mí. Èyí tí kò ní àlè kankan, tó ń gbààwẹ̀, tó ń lọ sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù, tí ọ̀nà sì wà bẹ́ẹ̀, kí ni kí n fi ìwà mímọ́ rẹ̀ ṣe?

Awakọ̀ ni mí, ohun tí mo ń rí lójúmọ́ ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ obìnrin olóṣèlú, àwọn oníròyìn ló ń fi í pa owó. Wọ́n fi ń gbé ojú wa kúrò lára ohun tó ń dùn wá.

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé

Àdìsá, ẹ kú iṣẹ́ o, mo sì bá yín kẹ́dùn ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn nítorí èmi náà ń gba ibẹ̀ lọ kó ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. "Àlè mẹ́wàá" tí ẹ kàn sọ yẹn, ọmọ ta ni wọ́n? Ṣé ẹ rò pé láti ojú ọ̀run ni wọ́n ti já bọ́ ni?

Mo rántí fọ́tò ọjọ́ tí gómìnà yẹn ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ló rí i. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú, kò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n bí. Obìnrin yẹn kò ṣẹ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n mú wá síwájú kámẹ́rà láti wá bá a ru ẹ̀gàn. Ó dùn mí wọra. Àwa obìnrin mọ ìdúró yẹn. A ti dúró bẹ́ẹ̀ rí níwájú àna, níwájú ìjọ, níwájú ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí. Ẹ máa ń sọ fún wa pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ta ló bi ìkarahun bóyá ó fẹ́ lọ?

Tíṣà, ẹ ní ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn sọ pé ohun tó ṣe sí i kò tó nǹkan.

Tíṣà Ìjọ̀mú

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, n ò sọ pé kò tó nǹkan. Ohun tí mò ń sọ ni pé èmi aráàlú kọ́ ló ni ẹjọ́ yẹn láti dá. Obìnrin náà ló ni ín. Ìgbéyàwó wọn kò sì pẹ́ mọ́ títí, wọ́n kéde ní 2013 pé ó ti parí.

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ òfin wá síbí, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa rò pé òfin tiwa dà bíi ti New York. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní apá gúúsù, òfin mú ẹni tó ń ṣe agbátẹrù aṣẹ́wó, ó mú ẹni tó ń fi ilé rẹ̀ ṣe ilé aṣẹ́wó, ó sì mú ọkùnrin tó ń jẹ nínú owó tí obìnrin ń rí nídìí iṣẹ́ náà. Abala 249 tún wà tó ní kí wọ́n fi aṣẹ́wó tó bá hùwà ìbàjẹ́ ní gbangba sẹ́wọ̀n oṣù kan. Ẹ wá bi mí: oníbàárà ńkọ́, ọkùnrin tó gbé owó wá? Tí obìnrin náà bá ti jẹ́ àgbàlagbà tó fọwọ́ sí i, abala yẹn kò kàn án. Obìnrin ni òfin ń wò, kò wo ẹni tó ń sanwó.

Torí náà, tí gómìnà kan níbí bá ṣe ohun tí Spitzer ṣe, kò tiẹ̀ ní rú òfin kankan ní ti rírà. Ká tiẹ̀ sọ pé ó rú u, abala 308 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ààbò bò ó títí yóò fi kúrò lórí oyè: a ò lè mú un, a ò lè fi í sátìmọ́lé, a ò lè pè é lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ọ̀nà tó kù ni abala 188, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yọ ọ́ nípò nítorí ìwà àìtọ́ tó burú jáì. Ilé aṣòfin ló sì ni àṣẹ láti sọ ohun tó burú jáì àti èyí tí kò burú. Gbogbo wa la mọ bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́ gómìnà.

Spitzer kò ní irú ààbò yẹn, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n, agbẹjọ́rò ni. Ìdí nìyẹn tó fi yára lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin FUTA

Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ti àwa ọ̀dọ́ kún un.

Ẹ rántí Àbújá, oṣù Kẹrin, 2019. Àwọn agbófinró ya wọ àwọn ilé ijó alẹ́, wọ́n kó obìnrin tó lé ní ọgọ́ta, wọ́n ní aṣẹ́wó ni wọ́n. Ọkùnrin kún ilé ijó yẹn fọ́fọ́, obìnrin nìkan ni wọ́n kó. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà sọ lẹ́yìn náà pé àwọn tó mú àwọn fipá bá àwọn lò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn wọ̀ yín lára: ẹni tó mú ọ nítorí ìwà ìbàjẹ́ ló tún fipá bá ọ lò.

Nígbà tí mo ka ohun tí agbẹjọ́rò kọ, ó wá yé mi. Wọ́n ti dá èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì dúró rí lálẹ́ níbì kan nínú Àkúrẹ́ yìí, ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ la ti ń bọ̀, ìwé wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní irú ọmọbìnrin wo ló ń rìn ní aago yẹn. Ọmọkùnrin ẹlẹgbẹ́ wa wà pẹ̀lú wa. Wọn ò bi òun ní ìbéèrè kankan. Owó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó jẹ́ ká lọ. Ara mi gbọ̀n di òru ọjọ́ náà.

Nítorí náà Tíṣà, mo fara mọ́ yín. Òfin tí wọ́n ń ṣe lórúkọ ìwà mímọ́, àwa ni wọ́n ń fi í mú.

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọ mọ́. Inú mi bàjẹ́ gidi bí mo ṣe ka èyí.

Ọmọ Ẹ̀kìmògún

Mo kí yín láti Oǹdó. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ìdájọ́. Ta ni kò lẹ́ṣẹ̀ nínú wa? Dáfídì tí Ọlọ́run fẹ́ràn, ẹ mọ ohun tó ṣe pẹ̀lú ìyàwó Ùráyà. Síbẹ̀ Ọlọ́run kò gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá ní kí gbogbo aláṣẹ tó ti ṣìṣe ní ti ara kúrò, kò ní ku ẹnìkan. Mo ń sọ èyí nítorí mo ti rí àgbà ìjọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ obìnrin bà jẹ́ títí tó fi kú, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ la tó mọ̀ pé irọ́ ni.

Tíṣà Ìjọ̀mú

Arákùnrin mi, ọ̀rọ̀ yín ní ìwọ̀n, pàápàá èyí tí ẹ sọ nípa irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìtàn Dáfídì yẹn dé ìdí. Kí ni Nátánì wòlíì ṣe nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Kò mẹ́nu ba obìnrin náà lákọ̀ọ́kọ́. Ìtàn olówó kan ló sọ fún un, tó ní agbo àgùntàn rẹpẹtẹ, tó wá lọ gba ẹyọ kan ṣoṣo tí tálákà ní. Dáfídì bínú, ó ní ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ yẹ fún ikú. Ìgbà tó dá ẹjọ́ yẹn tán ni Nátánì tó sọ fún un pé òun gan-an ni. Ìdájọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ dá fún ẹlòmíràn ni wọ́n fi mú un. Ohun tí mò ń sọ láti òkè nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Nígbà tí Spitzer lọ, igbákejì rẹ̀, David Paterson, ló gba ipò. Afọ́jú ni. Ọjọ́ kejì tó búra wọlé ni òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú àwọn oníròyìn, tí wọ́n ní ìgbéyàwó àwọn ti dàrú rí, àti pé àwọn méjèèjì ti ní ẹlòmíràn níta nígbà náà. Kí ni àwọn ará New York ṣe? Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wà lórí ipò títí òpin 2010. Ìwà panṣágà ni tirẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ Bíbélì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tí ì ti ẹnikẹ́ni mọ́lé nítorí rẹ̀.

Ẹ wo àwọn méjèèjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ óò rí i pé aráàlú yẹn mọ ohun tí wọ́n ń bínú sí.

Ọmọ Ẹ̀kìmògún

Mo gbà pé ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èmi ṣì ń gbàdúrà fún gbogbo wọn o.

Bàbá Ìsọ̀lọ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń kà yín láti àárọ̀. Mo rí i pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nílẹ̀ Yorùbá a kì í bi aláṣẹ léèrè ohun tó ṣe nínú ilé rẹ̀. Ìgbàgbé ni.

Nínú Àkúrẹ́ yìí, oṣù Kẹfà, 2010, ìjọba Gómìnà Mímíkò rọ Dèjì tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà lóyè, nítorí pé ó jáde lọ bá olorì rẹ̀ jà ní ìta gbangba. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlè o, n ò fi wé ti òyìnbó yín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ìlú ṣe rí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ọjà Ọba kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn ìjòyè, àwọn ọ̀dọ́, gbogbo wọn ló ní ohun tójú àwọn rí yìí kò ṣe é gbà. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé "ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni". Ọba ni ẹni tí a máa ń gbé ẹjọ́ tọkọtaya lọ bá! Tí ẹni tó ń báni parí ìjà bá wá di ẹni tó ń jà láàárín ìgboro, ọ̀dọ̀ ta la ó tún gbé ẹjọ́ lọ?

Ojú tí àwa àgbà fi wò ó nìyẹn. Ipò tó o wà ló ń sọ bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ṣe wúwo tó. Tí awakọ̀ bá mutí, a ó bá a wí. Tí awakọ̀ tó kó ogún èèyàn bá mutí, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Àdìsá, ìwọ ni mo fi ń bá wí, o mọ ohun tí mò ń sọ.

Àdìsá Òkè-Àró

Bàbá, mo gbọ́ sà. Ẹ kú àánú wa. N ò lè bá yín jiyàn lórí ti 2010, èmi náà wà nígboro lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Brussels

Mo ń gbé ní Bẹ́ljíọ̀mù, mo fẹ́ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí ibi tí mò ń ṣiṣẹ́, nítorí ó jọ ti Spitzer, ó tún fẹ́ẹ̀ ju ú lọ.

József Szájer jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin ilẹ̀ Yúróòpù láti Hungary, ọ̀kan nínú àgbààgbà ẹgbẹ́ Fidesz tó ń ṣèjọba níbẹ̀ nígbà náà. Òun wà lára àwọn tó kọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn ní 2011, èyí tó ní ìgbéyàwó kò lè jẹ́ láàárín ẹlòmíràn bí kò ṣe ọkùnrin àti obìnrin. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá, 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, àwọn aládùúgbò pe ọlọ́pàá nítorí ariwo tó ń jáde láti ilé kan lókè ilé ọtí ní àárín ìlú. Ọlọ́pàá bá nǹkan bí ọkùnrin márùndínlọ́gbọ̀n níbi àríyá ìbálòpọ̀. Szájer gba ojú fèrèsé jáde, ó rọ̀ mọ́ páìpù omi òjò, ọwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Wọ́n bá oògùn olóró nínú àpò tó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó ní òun ò lo oògùn kankan. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tó fi kéde pé òun fi ilé aṣòfin sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ojú tí a fi ń wo ọkùnrin sí ọkùnrin nílé yàtọ̀, òfin 2014 sì wà ní Nàìjíríà tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá. N kò wá síbí láti fa ìyẹn. Ohun tí mo rí níbí ni pé àwọn ará Hungary tí mo bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe irú ẹni tó wà pẹ̀lú ló ń dùn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi, omi lójú, pé àbúrò òun sá kúrò nílùú nítorí ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú Szájer ń sọ lórí rédíò nípa ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ó ní, "Ó mọ̀ nígbà tó ń kọ ọ́." Èmi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùṣọ́ ojú-ìwé

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Mo yọ ìdáhùn kan kúrò nísinsìnyí. Ẹni náà dárúkọ olóṣèlú kan ní Àkúrẹ́, ó sì dárúkọ obìnrin kan pẹ̀lú ibi tó ń gbé. Kò mú ẹ̀rí kankan wá. A ò ní gba ìyẹn níbí. Ohun tó ti jáde ní gbangba, tí ilé ẹjọ́ tàbí ẹni náà fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ sọ ọ́. Obìnrin tí kò bọ́ sí ìta fúnra rẹ̀, ẹ má fà á síta.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin FUTA

Ẹ ṣé gan-an ni. Orúkọ ọmọbìnrin ọdún méjìlélógún tó wà nínú ọ̀rọ̀ Spitzer yẹn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, fọ́tò rẹ̀ wà níwájú ìwé ìròyìn. Àwọn oníbàárà tó kù tí wọ́n fi nọ́ńbà pè nínú ìwé ilé ẹjọ́ náà, ta ló mọ̀ wọ́n?

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Kókó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, òun ló sì gbádùn mọ́ mi jù: owó ló tú wọn fó, kì í ṣe obìnrin.

Ti Spitzer, báńkì ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ó ń fi owó ránṣẹ́ lọ́nà tó ń fi ojú pa mọ́ sí ilé iṣẹ́ tí kò jọ pé ó ń ṣe nǹkan kan. Báńkì kọ ìwé sí ìjọba. Àwọn tó ń ṣèwádìí rò pé rìbá ni, wọ́n rò pé gómìnà ń gbowó ẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ lé owó náà dé ìdí ni wọ́n bá àwọn alágbàtà obìnrin.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù ú lọ. Ní 1998, nígbà tí ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà fẹ́ yọ Ààrẹ Clinton nípò nítorí irọ́ tó pa lórí ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́fíìsì rẹ̀, abẹnugan ilé náà ni Newt Gingrich. Ní 2007 òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ní àlè ní àkókò yẹn. Ẹni tí wọ́n yàn láti rọ́pò rẹ̀, Robert Livingston, kò tiẹ̀ dé orí àga. Àṣírí tirẹ̀ tú, ó sì kéde pé òun ò ṣe mọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n dìbò láti fẹ̀sùn ìyọnípò kan Clinton gan-an. Ni wọ́n bá mú Dennis Hastert, tíṣà àtijọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìjàkadì, wọ́n ní òun mọ́. Ó ṣe abẹnugan láti 1999 di 2007. Ní 2016, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń yọ owó ní báńkì ní díẹ̀díẹ̀, tí kò ní í dé $10,000 kí báńkì má baà kọ ìwé, ó sì ń fi í pa ẹnu ọkùnrin kan tó ti bá ṣèṣekúṣe nígbà tí ìyẹn jẹ́ ọmọ iléèwé lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹnìkan péré ló ṣe é sí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣe sí àwọn ọmọ yẹn ti pẹ́ kọjá ohun tí òfin wọn lè gbé dé kóòtù. Owó yíyọ ni wọ́n rí mú un sí.

Tiwa náà ní irú òfin yẹn. Òfin tó lòdì sí fífọ owó ìdọ̀tí mọ́, ti 2022, ní kí báńkì kọ ìwé sí NFIU, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ bí owó ṣe ń rìn, tí owó tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà bá gba àkáǹtì ẹni kan, tàbí mílíọ̀nù mẹ́wàá ní ti ilé iṣẹ́. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí báńkì bá kọ ìwé tán.

Tíṣà Ìjọ̀mú

Ti Hastert yẹn, bí mo ṣe ka ohun tẹ́ ẹ kọ, mo dìde kúrò nídìí fóònù. Tíṣà ni mí. Ọmọ tí òbí fi lé ọ lọ́wọ́! Lẹ́yìn náà o wá jókòó lórí àga abẹnugan o ń bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí. Kò sí ohun tí mo lè fi kún un.

Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ìbùsùn ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni n ó máa nà sí i.

Àdìsá Òkè-Àró

Ẹ jẹ́ kí n padà wá. Ti Hastert, ìwà ọ̀daràn ni, n ò pè é ní ọ̀rọ̀ obìnrin láé. Èmi tí mò ń sọ tẹ́lẹ̀, àgbàlagbà méjì ni mo ní lọ́kàn.

Àmọ́ tiwa ńkọ́? Ní 2016, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Nàìjíríà kọ̀wé sí abẹnugan ilé aṣojú-ṣòfin wa, ó fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ ilé mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ sí Cleveland fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ọ̀kan fọwọ́ kan òṣìṣẹ́bìnrin tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ fún ìbálòpọ̀. Àwọn méjì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ibi tí àwọn ti lè rí aṣẹ́wó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ pé irọ́ ni. N ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tó dùn mí nígbà yẹn ni pé nínú mọ́tò mi, ẹ̀rín ni gbogbo èrò ń rín. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìṣèjọba ni wọ́n bá lọ o! Kò sẹ́ni tó bi ara wa pé obìnrin tó ń tún yàrá ṣe yẹn ńkọ́, ta ló wá fún un ní ọ̀rọ̀ kan. Èmi náà ò béèrè.

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé

Àdìsá, ẹ ṣeun. Inú mi dùn pé ẹ rántí obìnrin yẹn. Ẹgbọ́n mi obìnrin ṣe iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì rí, ó ní tí wọ́n bá ti sọ fún wọn pé "aláṣẹ" ló wà ní yàrá kan, méjì méjì ni wọ́n máa ń wọlé lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin FUTA

Bó ṣe rí ní fásitì náà nìyẹn mà. Ti Ilé-Ifẹ̀, tí ilé ẹjọ́ rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì ní oṣù Kejìlá, 2018 nítorí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá bá òun sùn kó tó lè yege, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. Ká ní kò gbà á sílẹ̀ ni, ta ni ì bá gbà á gbọ́?

Bàbá Ìsọ̀lọ̀

Ọmọ mi, a ì bá má gbà á gbọ́. Òótọ́ ni, ó sì ń tì wá lójú.

Ọmọ Ẹ̀kìmògún

Kí wá ni ká ṣe? Mo ń béèrè tọkàntọkàn. Ìbò ń bọ̀, wọn ó máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọn ó máa sọ pé àwọn fẹ́ fọ ìlú mọ́ kúrò nínú ìwà ìbàjẹ́.

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Ohun tí mo lè gbà yín ní ìmọ̀ràn ni pé ẹ má bi wọ́n léèrè iye obìnrin tí wọ́n ní. Wọn ó purọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè òfin. Ẹni tó fẹ́ lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹ bi í pé: òfin VAPP tí Oǹdó ṣe ní 2021, èyí tó dá lórí ìwà ipá sí èèyàn, ṣé ó ti kà á? Èló ló fẹ́ kí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú ìṣúná fún un? Tó bá ní òun fẹ́ ṣòfin tuntun lórí aṣẹ́wó, ẹ bi í pé ta ni òfin náà máa mú, obìnrin nìkan ni àbí ẹni tó ń sanwó, ṣé ó sì máa mú aṣòfin pẹ̀lú?

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé

Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa máa ń ṣe ìpàdé ní Sátidé ìgbẹ̀yìn oṣù, àwọn olóṣèlú sì ti ń wá síbẹ̀ báyìí, wọ́n ń pín ìrẹsì. Mo ti kọ ìbéèrè agbẹjọ́rò yìí sínú ìwé. Èmi ni n ó dìde bi í. Àdìsá, tí ẹ bá ti ọ̀nà Adó dé ní kùtù, ẹ yà kí ẹ wá ti ọ̀nà yẹn bi wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ FUTA náà, ẹ wá, ẹ jókòó níwájú.

Àdìsá Òkè-Àró

Mò ń bọ̀. Aago mélòó ni?

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ má pẹ́, nítorí tí wọ́n bá ti pín ìrẹsì tán, wọn kì í dúró gba ìbéèrè.